Fóòmù tó fọ́ kábọ́ọ̀nù: bí etí apá ọkọ̀ Columbia ṣe lanu

Ní July 7, 2003, ní ọgbà Southwest Research Institute ní ìlú San Antonio, Texas, wọ́n ki ègé fóòmù kan bọ ẹnu ìbọn afẹ́fẹ́, wọ́n sì yìn ín lu pánẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ eérú kan tí wọ́n tú lára ọkọ̀ gbalasa òfurufú Atlantis. Fóòmù náà kò wúwo tó kílò kan: 0.76 kg péré, bí ọ̀rá pure water kan ààbọ̀. Ohun tó lù jẹ́ kábọ́ọ̀nù tí wọ́n dìídì ṣe kó lè fara da ooru tó ń yọ́ irin. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, fóòmù ti fọ́ yángá, pánẹ́ẹ̀lì náà sì ti lu. Ihò rẹ̀ tó 41 cm lọ́nà kan, 43 cm lọ́nà kejì. Ọmọdé lè gba ibẹ̀ yọ orí àti èjìká.

Oṣù márùn-ún ṣáájú ọjọ́ yẹn, ní February 1, Columbia, ọkọ̀ irú kan náà tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfurufú, tú ká lójú sánmà Texas nígbà tó ń darí bọ̀ wálé. Àwọn méje ló wà nínú rẹ̀: Rick Husband, William McCool, Michael Anderson, Kalpana Chawla, David Brown, Laurel Clark àti Ilan Ramon. Kò sẹ́ni tó yè. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà, tí Harold Gehman, ọ̀gá ológun ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì, ṣe alága rẹ̀, ti rí i nínú fídíò pé nǹkan kan já lára táǹkì nígbà tí ọkọ̀ ń gbéra lọ, ó sì lu apá òsì. Ìbéèrè tó kù dà bí àwàdà: ṣé fóòmù lè fọ́ kábọ́ọ̀nù? Àwọn ẹnjiníà tó mọṣẹ́ dunjú pọ̀ tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Ibi tí ojú wọn wò ni kò tọ́.

Ohun tó já

Columbia gbéra ní Kennedy Space Center, Florida, ní January 16, 2003, ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 39 òwúrọ̀. Bó ṣe dúró lórí ilẹ̀, òun àti rọ́kẹ́ẹ̀tì funfun méjì ni wọ́n so mọ́ táǹkì ràgàjì kan tó ní àwọ̀ ọsàn, tó gbé epo ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Epo yìí tutù kọjá yìnyín. Háídrójìn olómi tó wà níbẹ̀ a máa wà ní -253°C. Tí wọn ò bá da nǹkan bo táǹkì náà, yìnyín á dì mọ́ ọn lára, á sì máa já lu ọkọ̀. Ìdí tí wọ́n fi fọ́n fóòmù sí i lára nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì là ń sọ o. Polyurethane ni, irú èyí tí wọ́n dà sáàárín ara fíríìjì àti kúlà, tó gan, tí ojú èékánná á hàn lára rẹ̀ bí èèyàn bá fi tẹ̀ ẹ́. BX-250 lorúkọ èyí tó já. Tí a bá kó o kún àpótí tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga, nǹkan bí 38 kg ni yóò wọ̀n. Omi tó kún irú àpótí bẹ́ẹ̀ á wọ̀n 1,000 kg.

Níbi tí irin méjì ti so iwájú ọkọ̀ mọ́ táǹkì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fọ́n fóòmù náà, wọ́n á wá gé e sí òkìtì kékeré tí afẹ́fẹ́ á lè yọ̀ lórí rẹ̀ kọjá. Bipod ramp ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í bára mu tán. Ihò afẹ́fẹ́ a máa há sínú rẹ̀, ìpele kan lè má lẹ̀ mọ́ ìkejì dáadáa. Ti apá òsì ti ń já tipẹ́. Tí a bá ka ti Columbia yìí mọ́ ọn, ìgbà méje tó dájú ló já. Lẹ́ẹ̀mẹfà àkọ́kọ́, ọkọ̀ délé láyọ̀. Ohun tó bá sì ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà láì pa èèyàn, kì í pẹ́ kúrò nínú ìwé ewu bọ́ sínú ìwé àtúnṣe.

Ìṣẹ́jú àáyá 81.7 lẹ́yìn tí ọkọ̀ gbéra, tí wọ́n ti ga tó nǹkan bí 20 km, òkìtì náà já. Láàárín 0.161 ìṣẹ́jú àáyá, ó ti dé apá òsì.

Fífúyẹ́ rẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Nígbà tí fóòmù ṣì wà lára táǹkì, eré kan náà ni òun àti ọkọ̀ jọ ń sá, nǹkan bí 2,520 km ní wákàtí kan. Bó ṣe já, afẹ́fẹ́ gbá a mú. Ẹ yọ ọwọ́ síta láti inú ọkọ̀ tó ń sáré lójú títì, kí ẹ jọ̀wọ́ ìyẹ́ adìyẹ kan: ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ẹ ó ti rí i lójú ẹsẹ̀. Òkúta ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Á bá ọkọ̀ sáré lọ díẹ̀ kó tó balẹ̀. Fóòmù yìí fẹ̀, kò sì ní ìwúwo tó máa fi bá afẹ́fẹ́ jà. Kí 0.161 ìṣẹ́jú àáyá yẹn tó pé, eré rẹ̀ ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,645 km ní wákàtí kan, ọkọ̀ ní tirẹ̀ kò sì dẹwọ́. Ìyàtọ̀ àárín wọn, tó jẹ́ nǹkan bí 875 km ní wákàtí kan, ni eré tí wọ́n fi pàdé. Ká kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí: kì í ṣe fóòmù ló sáré lu apá, apá ló sáré lu fóòmù.

Ká ní òkúta tó wúwo ló já níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ì bá má rí i dá dúró tó bẹ́ẹ̀ láàárín àkókò kékeré yẹn, eré tí wọn ì bá fi pàdé ì bá sì kéré gan-an. Èyí kò sọ òkúta di ohun àmúṣeré o. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó gbé fóòmù sọ́wọ́, tó ní "ó mà fúyẹ́ o", ìdí tó fi léwu gan-an ló ń pè ní ẹ̀rí pé kò léwu.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Agbára tí ohun tó ń sáré gbé dání jẹ́ ìdajì ìwọ̀n rẹ̀, kí a fi eré rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìwọ̀n bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po méjì. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin. Nígbà àyẹ̀wò San Antonio, eré fóòmù jẹ́ mítà 237 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Pẹ̀lú 0.76 kg, agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 21,000 joule, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára. Kí àpò sìmẹ́ńtì 50 kg tó lè gbé irú agbára bẹ́ẹ̀ balẹ̀, orí ilé tó ga tó mítà 43, bí ilé alájà mẹ́rìnlá, ni yóò ti já.

Àmọ́ kí ìṣirò má dẹ́rù bani ju bó ṣe yẹ lọ. Fóòmù kò lu pánẹ́ẹ̀lì ní ọ̀gangan, ṣe ló fi ẹ̀gbẹ́ gbá a, ní ìdagẹ̀rẹ̀ dìgírì 25. Èyí tó pọ̀ jù nínú agbára náà ló bá eré rẹ̀ yọ̀ kọjá. Èyí tó dojú kọ pánẹ́ẹ̀lì ní tààrà jẹ́ nǹkan bí 3,800 joule: àpò sìmẹ́ńtì kan náà, láti nǹkan bíi mítà mẹ́jọ. Ègé náà gùn tó 48 cm, nítorí náà, pẹ̀lú eré yẹn, ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ló fi tán sára pánẹ́ẹ̀lì. Ipá tó wà nínú ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìgbà tí ẹrù tọ́ọ̀nù mẹ́rin bá gúnlẹ̀ síbì kan lójijì, lórí ohun tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ.

Pé fóòmù rọ̀, ìyẹn ò já mọ́ nǹkan kan. Omi rọ̀ ju fóòmù lọ. Ọmọ tó bá ti orí igi fò, tó fi àyà lulẹ̀ sínú odò, mọ̀ bóyá omi rọ̀ tàbí kò rọ̀. Bí nǹkan bá dé pẹ̀lú eré tó pọ̀, kò ní àyè láti yẹ̀ fún un. Ìwọ̀n rẹ̀ àti eré rẹ̀ ló ń lu èèyàn, kì í ṣe líle rẹ̀.

Kábọ́ọ̀nù inú kábọ́ọ̀nù

Etí iwájú apá ọkọ̀ yìí ló ń kọ́kọ́ kojú iná nígbà tí ọkọ̀ bá ń padà wọ inú afẹ́fẹ́ ayé. Pánẹ́ẹ̀lì 22 ló wà lára apá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀ bí lẹ́tà U tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn, ọ̀já tóóró tí wọ́n ń pè ní T-seal sì wà láàárín ìkan àti ìkejì. RCC (reinforced carbon-carbon) ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n. Aṣọ rayon ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n á sun ún títí yóò fi di kábọ́ọ̀nù, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú gọ́ọ̀mù, wọ́n á tò ó ní ìpele ìpele, wọ́n á tún sun ún, wọ́n á tún rẹ ẹ́, wọ́n á tún sun ún, títí tí kábọ́ọ̀nù á fi dí àárín fọ́nrán kábọ́ọ̀nù. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n á sọ awọ ìta rẹ̀ di silicon carbide, nítorí kábọ́ọ̀nù lásán tó bá gbóná nínú afẹ́fẹ́, jíjó ló máa jó bí èédú. Pánẹ́ẹ̀lì tó bá parí nípọn láti 6 mm sí nǹkan bí 13 mm, ó sì ń fara da nǹkan bí 1,650°C.

Ooru ni wọ́n ṣe é fún. Wọn ò ṣe é fún ìlù. Ohun tí ìwé tí wọ́n fi ra ọkọ̀ náà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìlù kéré jọjọ, nítorí ìwé kan náà sọ pé nǹkan kan ò gbọdọ̀ já lu ọkọ̀.

Silicon carbide náà kì í bára mu pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù tó wà lábẹ́ rẹ̀: bí pánẹ́ẹ̀lì bá ti iná ìléru jáde, tó ń tutù, awọ ìta ń súnkì ju inú lọ, ó sì ń sán wẹ́wẹ́. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi nǹkan tó dà bí gíláàsì dí ojú rẹ̀. Láti 1992 ni wọ́n tún ti ń rí àwọn ihò bí ojú abẹ́rẹ́ lára àwọn pánẹ́ẹ̀lì Columbia. Síńkì inú ọ̀dà tí òjò ń fọ̀ kúrò lára irin ibùdókọ̀ ló fà á. Gbogbo èyí ṣe pàtàkì sí ohun tó kàn.

Bí ohun tí kì í tẹ̀ ṣe ń fọ́

Ẹ mú ṣíbí alumíníọ̀mù, kí ẹ tẹ̀ ẹ́: ó tẹ̀. Ẹ mú ọmọrí ìkòkò amọ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́: kò tẹ̀, kò tẹ̀, kò tẹ̀, ó ṣẹ́. Ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe ti líle. Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi agbára tó wọ inú rẹ̀ ṣe ló yàtọ̀. Nínú irin, ìlà átọ́ọ̀mù kan lè yọ̀ lórí ìkejì láì jára wọn sílẹ̀. Agbára ìlù á tán sínú yíyọ̀ yẹn, á di ooru, ojú ibẹ̀ á sì jin. Bọ́ńnẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó bá jin, oníṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì á lù ú padà. Nínú amọ̀ tó jiná, nínú gíláàsì, nínú silicon carbide, átọ́ọ̀mù kò ráyè yọ̀. Agbára wọlé, kò ríbi tán sí. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kó ya ojú tuntun sílẹ̀ níbi tí kò sí ojú tẹ́lẹ̀, torí yíya ojú tuntun náà ń jẹ agbára. Ojú tuntun yẹn là ń pè ní sísán.

A. A. Griffith, tó ń ṣiṣẹ́ ní Royal Aircraft Establishment ní Farnborough, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1921. Ó na gíláàsì títí wọ́n fi já, ó sì rí i pé fọ́nrán gíláàsì tuntun tó tín-ín-rín ju irun orí lọ lágbára tó nǹkan bí ìlọ́po ogún ti gíláàsì tó nípọn. Gíláàsì kan náà ni o. Àbùkù ló dá wọn yà: ohun tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ kò láyè fún àbùkù ńlá, èyí tó nípọn sì ti ní ojú wẹ́wẹ́ tó lanu lára rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. C. E. Inglis ti ṣírò ohun tí irú ojú bẹ́ẹ̀ ń ṣe ní 1913. Ipá tó ń gba inú nǹkan kọjá máa ń yí ihò po bí omi odò ṣe ń yí àpáta po, ó sì máa ń ṣùjọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ihò róbótó ń sọ ipá náà di ìlọ́po mẹ́ta. Ihò tó gùn tó ìlọ́po mẹ́wàá fífẹ̀ rẹ̀, tó dábùú ọ̀nà ipá, ń sọ ọ́ di ìlọ́po 21 ní ṣóńṣó rẹ̀. Ṣóńṣó ibi tó sán sì mú ju èyíkéyìí nínú wọn lọ.

Ohun tí Griffith fi kún un ni pé kì í ṣe ṣóńṣó nìkan ló ń pinnu. Bí ojú kan bá ṣe ń gùn sí i, ó ń tú agbára tí wọ́n ti fà sínú nǹkan náà sílẹ̀, yíya ojú tuntun sì ń ná agbára. Nígbà tí ojú náà kéré, ìnáwó pọ̀ ju owó tó ń wọlé lọ, kò sì ní rìn. Bó bá ti gùn dé ìwọ̀n kan, owó tó ń wọlé á borí ìnáwó. Láti ibẹ̀ lọ, kò nílò ẹnikẹ́ni mọ́, ara rẹ̀ ló ń ti ara rẹ̀. Nínú gíláàsì, á máa sáré tó nǹkan bíi mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ eré bẹ́ẹ̀ ló ń sá, yóò la ohun tó tó 40 cm já kí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá tó pé, nígbà tí fóòmù ò tíì parí lílù rẹ̀ pàápàá.

Kókó kan ṣì kù, òun ló sì máa ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ nǹkan wò. Ohun líle ń fara da kí wọ́n kì í mọ́lẹ̀, kì í fara da kí wọ́n fà á. Nígbà tí fóòmù tẹ pánẹ́ẹ̀lì wọnú, ojú ìta, níbi tí fóòmù wà, fún pọ̀. Ojú inú nà. Inú ni sísán ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó dúró síta kò lè rí i àyàfi tó bá la pánẹ́ẹ̀lì já, tí pánẹ́ẹ̀lì bá sì ti wà lára apá, kò sẹ́ni tó ń rí inú rẹ̀.

RCC kì í ṣe gíláàsì pátápátá ṣá o. Fọ́nrán inú rẹ̀ máa ń yí ìrìn sísán padà. Bó bá kan fọ́nrán, ó lè gba ẹ̀gbẹ́ lọ, kó ya ìpele kan kúrò lára ìkejì dípò kó là á kọjá. Ìdí nìyẹn tí pánẹ́ẹ̀lì San Antonio kò fi fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí dígí ilé. Ibi tó gba ìlù ló jábọ́, etí ihò rẹ̀ rí jágajàga, sísán mìíràn sì ta káàkiri láti ibẹ̀. Àmọ́ kò ní kó tó nà bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kó tó já. Ààyè ìdáríjì tó wà lára rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ohun tí wọ́n ṣe ní San Antonio

Scott Hubbard, tó jẹ́ olórí Ames, ibùdó ìwádìí kan ti NASA, àjọ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà náà, ló darí àwọn àyẹ̀wò náà. Wọ́n gé fóòmù náà sí 48 cm ní gígùn, 29 cm ní fífẹ̀, 14 cm ní nínípọn, kó lè wọ̀n 0.76 kg. Ihò ìbọn náà kì í ṣe róbótó; onígun mẹ́rin ni, ó bá fóòmù mu, ó sì gùn tó nǹkan bíi mítà mẹ́wàá. Afẹ́fẹ́ náítrójìn tí wọ́n fún pọ̀ ló ń tì í jáde. Ìbọn kúkúrú á ti fóòmù lójijì, á sì fọ́ ọ kó tó jáde. Ìbọn gígùn ń jẹ́ kó gba eré díẹ̀díẹ̀.

Pánẹ́ẹ̀lì RCC tòótọ́ wọ́n bí ojú, nítorí náà fọ́nrán gíláàsì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tú lára Enterprise, ọkọ̀ tí kò dé gbalasa òfurufú rí. Fọ́nrán gíláàsì ń tẹ̀ kó tó ṣẹ́. Kò sán, ṣùgbọ́n T-seal yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, àlàfo gígùn kan sì ṣí sílẹ̀. Àwọn tó ti ń sọ pé fóòmù ò lè ṣe nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í rọra.

Ní June 6, wọ́n yin fóòmù lu pánẹ́ẹ̀lì 6 ti RCC gidi, tó ti bá Discovery rin ìrìn-àjò 30. Eré rẹ̀ jẹ́ mítà 234 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí dìgírì 21. Ó sán tó 14 cm lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí pánẹ́ẹ̀lì ti yí sí egungun rẹ̀, T-seal náà sì sán. Kò sí ihò.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni ti pánẹ́ẹ̀lì 8, tó ti rin ìrìn-àjò 26 lára Atlantis. Fóòmù kan náà, ìwọ̀n kan náà, mítà 237 dípò 234. Kí ló wá sọ sísán 14 cm di ihò tó ju 40 cm lọ? Eré kọ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìdagẹ̀rẹ̀ ni. Láti dìgírì 21 sí 25, agbára tó dojú kọ pánẹ́ẹ̀lì tààrà fi ohun tó ju ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá lọ pọ̀ sí i. Wọ́n tún yí fóòmù náà ní dìgírì 30 lórí ara rẹ̀, kí igun rẹ̀ lè ṣáájú, ìlù náà sì ṣùjọ sí ojú kan. Pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tún ní ìtẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí nǹkan bá sún mọ́ ìwọ̀n tí Griffith sọ yẹn, ìwọ̀nba ìyàtọ̀ díẹ̀ ló ń ya "ó sán" kúrò lára "ó lu". Ohun tó ń tẹ̀ kì í ṣe báyìí: ìlù tó fi ìdajì pọ̀ sí i á kàn jẹ́ kó jin sí i díẹ̀ ni.

Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn jiyàn lè ní àyẹ̀wò náà ti le jù. Fídíò fi hàn pé fóòmù ti Columbia ń pòyì, ó kéré tán lẹ́ẹ̀méjìdínlógún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Pípòyì a máa fi kún agbára ìlù, ti San Antonio kò sì pòyì rárá.

Ìṣirò tó ṣini lọ́nà

Nígbà tí Columbia ṣì wà lókè, àwọn ẹnjiníà fi ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Crater ṣírò ìlù náà. Crater kò burú níbi tí wọ́n ti bí i. Táìlì tó ń dáàbò bo ara ọkọ̀ lọ́wọ́ ooru ni wọ́n ṣe é fún, ègé fóòmù kéékèèké ni wọ́n sì fi dán an wò, èyí tó tóbi jù kò ju nǹkan bí 50 cm³ lọ. Èyí tó lu Columbia tó nǹkan bí 19,700 cm³. Ìlọ́po 400 ni. Ẹni tó fi ṣíbí wọn omi kò lè fi ṣíbí kan náà sọ ohun tí àkúnya odò máa ṣe.

Crater ní ìlù náà á gba inú táìlì kọjá dé ìdí rẹ̀. Wọ́n ní ó máa ń sọ àsọdùn, torí pé ó ti sọ àsọdùn rí lórí àwọn ègé kékeré. Lórí RCC, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe pẹ̀lú yìnyín ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Wọ́n ní fóòmù fúyẹ́ ju yìnyín lọ, ewu rẹ̀ á dín kù. Ìrònú nípa líle àti ìwúwo ni gbogbo rẹ̀. Eré àti ìwọ̀n tí sísán fi ń rìn fúnra rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Ohun tí àfọ́kù fi hàn

Ihò ti Columbia gan-an kéré ju ti San Antonio lọ. Tí wọ́n bá fi bí ooru ṣe wọlé ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bí 15 sí 25 cm. Lọ́jọ́ kejì ìrìn-àjò náà, nǹkan kan ya kúrò lára ọkọ̀, ó sì ń léfòó lọ. Kò sẹ́ni tó rí i lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn ikú wọn ni wọ́n tú àkọsílẹ̀ rédà àwọn ológun wò, wọ́n fi oríṣiríṣi ohun tó wà lára ọkọ̀ wé e, ègé RCC ló sì bá a mu jù. Ègé tó ti já, tó há síbẹ̀, tó sì bọ́ nígbà tí ọkọ̀ yíra padà: bí ohun tó fọ́ ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ February 1, ògiri ti lanu. Alángbá tó wọlé ni afẹ́fẹ́ tí eré ọkọ̀ ti sọ di iná. Ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ kan tí wọ́n rí nítòsí Hemphill, Texas, ní March fi hàn pé ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀ péré lẹ́yìn tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ afẹ́fẹ́ ayé, igi alumíníọ̀mù tó wà lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì 9 ti ń ní ìdààmú. Alumíníọ̀mù ń yọ́ kí ooru tó dé 660°C. Nínú nǹkan bí àfọ́kù 84,000 tí wọ́n ṣà jọ, èyí tó jẹ́ ti pánẹ́ẹ̀lì 8 ní irin yíyọ́ tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, egungun rẹ̀ sì ti jó títí tó fi tín bí ojú ọ̀bẹ.

Ohun tí wọ́n yí padà

Wọ́n yọ òkìtì fóòmù yẹn kúrò pátápátá, wọ́n fi ẹ̀rọ amúgbóná oníná sí ìdí irin náà kí yìnyín má bàa dì síbẹ̀. Nígbà tí Discovery gbéra ní July 26, 2005, ọ̀pá gígùn tó nǹkan bíi mítà 15 wà lára rẹ̀, tí kámẹ́rà àti iná lésà wà ní ṣóńṣó rẹ̀ láti fi wo etí apá. Ẹ̀rọ kéékèèké 66 tó ń gbọ́ gbígbọ̀n wà lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì apá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ̀ bí nǹkan bá lù ú.

Ó wá ku ìbéèrè sísán tó wà nínú, tí ojú kò lè rí. Ẹni tó ń ra ìkòkò lọ́jà á fi ìka gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó pé á dún gooro, èyí tó sán á dún kẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún RCC kí Columbia tó lọ kò jìnnà sí ìyẹn: wọ́n ń fi ojú wò ó, wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń kàn án. Ìgbìmọ̀ Gehman ní ìyẹn ò tó. Láti ìgbà náà títí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí fi ṣíwọ́ iṣẹ́ ní 2011, iná tó ń bù yẹ̀rì bíi ti kámẹ́rà ni wọ́n ń tàn sí ojú pánẹ́ẹ̀lì, kó lè gbóná díẹ̀, kámẹ́rà tó ń rí ooru á sì máa wò ó bó ṣe ń tutù. Níbi tó bá pé, ooru ń wọ inú lọ wéré. Níbi tí ìpele kan ti ya kúrò lára ìkejì lábẹ́, ooru kò rí ọ̀nà kọjá, ojú ibẹ̀ á sì máa tàn nínú àwòrán nígbà tí gbogbo ìyókù ti ṣókùnkùn.